Sísùn Pẹ̀lú Irun Rírin ní Ìlú Accra

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ìlú Accra ni kì í ráyè fọ irun orí wọn ní ọ̀sán, nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde nílé, tí ẹni tí ń tajà ní ọjà Makola ń wá ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní tro-tro, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń sáré kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Kaneshie má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀, tí àwọn ọmọ ti jẹun, tí a ti fọ àwo tán, ni wọ́n tó ń rántí orí ara wọn. Ní àwọn àdúgbò mìíràn ẹ̀wẹ̀, omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kì í dé bí kò ṣe ní òru, tí onílé ń jí dìde gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ, tí ó sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé bí omi ti wá yìí, kí òun kúkú fọ orí òun mọ́ ọn. Báyìí ni irun tí a fọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ṣe ń di irun tí a gbé sùn ní agogo mẹ́wàá, tí omi ṣì ń kán láti inú rẹ̀ sí ọrùn, tí a fi ìborí so ó mọ́lẹ̀ gírígírí, tí a sì gbé e lé ìrọ̀rí. Ohun tí ojú irun àti awọ orí ń rí nínú àṣà yìí ni mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé, nítorí pé ẹ̀rù tí àwọn ìyá wa fi kọ́ wa nípa rẹ̀ kò dojú kọ ibi tí ewu wà gan-an, ibi tí ewu sì wà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ Yorùbá ìlú yìí ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni ẹsẹ̀ wa ti ń tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Àdúgbò Ngleshie Alata tí ó wà ní James Town ń jẹ́rìí sí àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn tí wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó olódi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá olówò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin àti láti Ọ̀fà ti pàtẹ ọjà wẹ́wẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gold Coast títí ó fi di Gánà, kí àṣẹ ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ti ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan lọ, wọn kò padà mọ́; àwọn kan padà; àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina kò kúrò lórí àtẹ ọjà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin, onílé àti àlejò, ṣì fi ń fọ orí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀rù òtútù kúrò lọ́nà. Kò sí ilé Yorùbá, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Nima ní Accra, tí ìyá kò ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó má gbé orí tútù sùn kí ọ̀fìnkìn má baà dá a gúnlẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn kì í ti inú irun wá. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, tí ó ń ti imú àti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí imú àti ọwọ́ ẹnìkejì. Ní ìlú Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba dá ilé ìwádìí sílẹ̀ sí ní 1946 nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn nìkan, wọ́n mú àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn wẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró pẹ̀lú omi lára nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, síbẹ̀ òtútù nìkan kò bí ọ̀fìnkìn fún wọn. Lóòótọ́ ni pé àwọn olùwádìí ní Cardiff tẹ àbájáde kan jáde ní 2005, nínú èyí tí àwọn ènìyàn 90 ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ìṣẹ́jú 20, tí àwọn 90 mìíràn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé 13 nínú àwọn ti ìṣáájú ni ó ráhùn ọ̀fìnkìn láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí 5 péré ráhùn nínú àwọn ti ìkẹyìn. Àlàyé tí wọ́n sì ṣe ni pé ó ṣeé ṣe kí òtútù jí kòkòrò tí ó ti wà nínú imú tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ nínú omi tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn o. Òru Accra, tí kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kò jọ ọ́ rárá.

Ẹ̀rù kejì ni pé orí tí a gbé sùn ní tútù yóò pá. Èyí náà, bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò irun wà ní ìsàlẹ̀ awọ orí, níbi tí omi ìfọrun kò dé, orí ènìyàn tí ara rẹ̀ dá sì ń pàdánù irun tí ó tó 50 sí 100 ní ojúmọ́ kan láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín irun tí ó yọ láti ìdí àti irun tí ó já láàárín, onídìrí àgbà sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì bí ó bá ti mú un lọ́wọ́: èyí tí ó yọ láti ìdí a máa ní kókó funfun kékeré ní ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó já kò ní. Irun jíjá yìí ni sísùn pẹ̀lú irun rírin ń ṣe okùnfà rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fojú fò, nítorí pé irun àwa ènìyàn dúdú kì í yára dàgbà. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ṣe, kò tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní oṣù kan, tí ti àwọn aláwọ̀ funfun fi díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí alẹ́ kan bá gé kúrò, ó lè gba oṣù bíi mélòó kan kí ó tó padà.

Kí ni omi ń ṣe sí irun gan-an? Irun kọ̀ọ̀kan, bí ó ti tín-ín-rín tó nì, ní èèpo, ó sì ní inú. Èèpo rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tíntìntín tí a tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, tí ẹnu gbogbo wọn dojú kọ ṣóńṣó irun, tí ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan sì bo ojú wọn kí omi má baà tètè ráyè wọlé. Nínú lọ́hùn-ún ni okùn kẹ́rátìn wà, ohun kan náà tí èékánná wa àti ìwo màlúù fi ṣe, oríṣi ìdè méjì ni ó sì so àwọn okùn yìí pọ̀. Èkíní ni ìdè líle tí èròjà imí-ọjọ́ dì, tí omi kò lè tú láé, tí ó jẹ́ pé oògùn líle tí a fi ń na irun, ìyẹn rẹ̀láásà, ni ó ń já irú rẹ̀. Èkejì ni ìdè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ jọjọ, tí omi ń tú bí ó bá ti kàn án, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ so bí omi bá ti gbẹ tán. Ìdè kejì yìí ni àwọn onídìrí ń lò láìmọ orúkọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá lọ́ irun rírin mọ́ igi tàbí tí wọ́n dì í ní dídì ńláńlá kí ó gbẹ síbẹ̀, tí ó sì mú ìrísí ohun tí a lọ́ ọ mọ́. Òun náà ni ó fà á tí ẹni tí ó gbé orí tútù lé ìrọ̀rí fi ń jí pẹ̀lú irun tí ó tẹ̀ sí apá kan, tí ó sì dìde ṣánṣán ní apá kejì, nítorí pé ìdè rẹ̀ tú ní alẹ́, ó sì tún ara rẹ̀ so ní òru lórí ìrísí tí ìrọ̀rí fún un.

Nígbà tí irun bá mu omi yó, ohun tí ó fà mọ́ra lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó sì ń wú ní ìbú, ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 1 sí 2 péré ni ó fi ń gùn sí i. Bí inú bá wú, èèpo kò lè ṣàìlà. Ìpẹ́ tí ó ti lẹ̀ mọ́ ara a gbé ẹnu sókè, ojú irun a di hágahàga, irun fúnra rẹ̀ a sì máa fà gùn, kò ní agbára tí ó ní ní gbígbẹ mọ́. Irun tiwa sì ní àìlera mìíràn ní tirẹ̀: kò rí roboto bí a bá gé e wò, ó fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ó sì ń lọ́ ní ibi púpọ̀ lórí ìrìn-àjò rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, gbogbo ibi tí ó ti lọ́ yìí ni ó sì ti rọrùn fún un jù láti já. Epo tí awọ orí ń tú jáde kì í lè gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ bẹ́ẹ̀ dé òpin, ìdí nìyí tí ṣóńṣó irun wa fi ń gbẹ tí ìdí rẹ̀ sì ń tàn.

Wàyí o, gbé irun tí ó wà nínú ipò yìí sábẹ́ orí ẹni tí ó sùn. Ẹni tí ó sùn kì í dùbúlẹ̀ gbalaja sójú kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A yí sọ́tùn-ún, a yí sósì, orí a sì máa wọ́ lórí aṣọ ìrọ̀rí tí a fi òwú hun, ìpẹ́ irun tí ó ti gbé ẹnu sókè a máa kọ́ òwú náà, ọ̀kan a máa kọ́ èkejì, wọn a lọ́ mọ́ra, wọn a ta kókó. Àárọ̀ ni ìyọnu a wá bẹ̀rẹ̀ gan-an, nígbà tí ẹni tí ó ti pẹ́ fún iṣẹ́ bá fi òòyà ya irun tí ó ti gbẹ mọ́ ara wọn nínú kókó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Kò sì sí ibi tí mo ti rí òtítọ́ òwe yìí tó orí obìnrin tí ń kánjú. Níhìn-ín ni ó yẹ kí n tún èrò kan ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ní kí a má ya irun tútù rárá. Irun tí ó nà ni wọ́n ń sọ. Irun tí ó ká, ìgbà tí ó bá tutù tí a sì fi òróró ìfọrun tàbí ìpara mú un yọ̀ ni ó dára jù láti yà, pẹ̀lú òòyà eléyín gbọọrọ, láti ṣóńṣó bọ̀ wá sí ìdí. Yíyà á ní gbígbẹ pátápátá ni ó ń já a jù.

Wíwú àti sísúnkì léraléra ní ewu tirẹ̀, èyí tí kì í hàn ní ọjọ́ kan, nítorí díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ní ilẹ̀ Kòríà, àwọn oníṣègùn awọ ara tẹ ìwádìí kan jáde ní 2011 tí mo fẹ́ kí gbogbo onídìrí mọ̀. Wọ́n fọ ìdì irun, wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀rọ gbẹ àwọn kan láti òkèèrè, àwọn kan láti ìtòsí, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ fúnra wọn, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30. Ojú irun tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ bàjẹ́ bí ooru ti ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni yóò ti retí. Ṣùgbọ́n nínú irun tí wọ́n fi sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ti rí i pé àtè inú lọ́hùn-ún, èyí tí ó lẹ ẹ̀yà irun pọ̀ mọ́ ara wọn, ti wú, ó sì ti bàjẹ́, nítorí pé omi pẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ó pa irun lára kéré jù ni afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ tí a gbé jìnnà sí orí ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí a kò sì jẹ́ kí ó dúró sójú kan. Mo gbé èyí kalẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ kan tí ó ti gbilẹ̀, pé ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn Ọlọ́run kò lè ní ìpalára nínú. Kì í ṣe omi ni ọ̀tá irun, òru kì í sì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Bí omi bá ti ń pẹ́ sí i nínú irun ni ìpalára ń pọ̀ sí i.

Accra sì jẹ́ ìlú tí omi ti ń pẹ́ nínú irun. Òjò kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé òjò ọdún kan gbáko kò ju nǹkan bí mìlímítà 800 lọ, ó kéré gidigidi sí ti Èkó. Ṣùgbọ́n òkun wà ní ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ lè kọjá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, pàápàá ní oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tí ó ti yó fún omi kò ní àyè láti gba omi irun ẹnikẹ́ni. Aṣọ tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé ní alẹ́ ní James Town ṣì ń tutù ní òwúrọ̀, ti orí tí a di sínú ìborí kò lè sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ náà padà, nígbà tí irun ń tètè gbẹ ṣùgbọ́n tí ó sì ń gbẹ kọjá ààlà. Ẹ fi ti iná mànàmáná kún un: láàárín 2012 sí 2015, nígbà tí iná ń lọ tí ń bọ̀ lọ́nà tí àwọn ará Gánà fi sọ ọ́ ní dumsor, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìgbẹrun àti ẹni tí kò ní di ọgbọọgba, fáànù orí àjà pàápàá kò yí.

Ìborí ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ irun di ọ̀rọ̀ awọ orí. Obìnrin tí ó fọ irun tí ó sì da á sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí pa irun rẹ̀ lára. Ẹni tí ó fọ̀ ọ́ tí ó sì fi aṣọ tí wọ́n ń pè ní duku ní Gánà dì í pinpin, ó ti sé ooru àti omi mọ́ awọ orí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Gbogbo orí àgbàlagbà ni ẹ̀dá tíntìntín kan ń gbé, ó jẹ́ ẹbí olú tí à ń rí nínú igbó, Louis-Charles Malassez, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1874, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é ní Malassezia. Epo tí awọ orí ń tú jáde ni oúnjẹ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ìwọ̀nba, àwa àti òun ń gbé ní ìrẹ́pọ̀. Bí ó bá rí ooru, ọ̀rinrin àti epo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a bí sí i, ohun tí ó ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá jẹ epo a sì máa ta awọ orí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, orí a máa yún, èépá funfun a máa bọ́ sí èjìká. Omi alẹ́ kan kọ́ ni ó ń bí èyí, ẹni tí kò sì ní àbùdá rẹ̀ lè gbé orí tútù sùn fún ọdún kan kí ó má rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń bá èépá orí jà, tí ó tún ń di orí rírin ní alẹ́ alẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ kejì bọ́ ọ.

Àrùn mìíràn tún wà tí a ń pè ní piedra funfun, tí ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Beigel ṣàpèjúwe ní 1865, nínú èyí tí kókó wẹ́wẹ́ rírọ̀ funfun ń lẹ̀ mọ́ ara irun gan-an, tí a lè fi ìka fà kúrò, tí ó sì ń mú irun já. Ilẹ̀ tí ó móoru tí ó sì ní ọ̀rinrin ni ó ń bá jà, àwọn oníṣègùn sì ti kíyè sí i pé ó ń mú àwọn obìnrin tí ń so irun gígùn kí ó tó gbẹ, tí wọ́n sì ń fi aṣọ bò ó. Kò wọ́pọ̀, kì í sì í pani. Òórùn ni ó wọ́pọ̀: òórùn aṣọ tí kò rí oòrùn, tí ó ń jáde láti inú irun tí a dì pẹ̀lú àfikún, nítorí pé bí irun oníke kò tilẹ̀ ń mu omi púpọ̀, omi ń dúró sí àárín rẹ̀ níbi tí ó ti wé mọ́ irun ẹni, níbi tí atẹ́gùn kò dé. Dàda tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ki, ojú rẹ̀ lè gbẹ tán kí àárín rẹ̀ ṣì máa rin. Àárọ̀ ọjọ́ olóòrùn nìkan ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní i fọ orí.

Ìrọ̀rí náà kò gbọdọ̀ bọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Ní Manchester, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, wọ́n tú ìrọ̀rí 10 tí àwọn ènìyàn ti lò fún ọdún kan ààbọ̀ sí 20 ọdún, wọ́n sì bá irú ẹ̀dá tí ń mú búrẹ́dì bu nínú gbogbo wọn, láti oríṣi 4 dé 16 nínú ìrọ̀rí kan ṣoṣo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tutù ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée nínú ilé yẹ kí ó ro ohun tí orí rírin ń ṣe sí ìrọ̀rí fóòmù ní Accra, kí ó máa sá a sí oòrùn, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí yíyan àkókò kò sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìyá Mùsùlùmí ní Nima, ní Maamobi àti ní Sabon Zongo ní ìwẹ̀ ọ̀ranyàn tí ó lè bọ́ sí òru, pàápàá nínú Ràmàdáànì tí sààrì àti ìrun àsùbáà ń lé ara wọn bọ̀, híjáàbù a sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀rùn ti wà nínú ẹ̀sìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀: Umm Salama, ìyàwó Ànábì, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí òun tú dídì irun òun fún ìwẹ̀ jánábà, ìdáhùn tí ó sì rí gbà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú hadíìsì tí Ìmáàmù Muslim kó jọ, ni pé ẹ̀kúnwọ́ omi mẹ́ta lórí tó. Dídì tí a kò tú yìí, kí a fi aṣọ gbígbẹ fún omi rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a ṣí ìdí rẹ̀ sí atẹ́gùn díẹ̀ kí a tó bò ó; ìṣẹ́jú mélòó kan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfò.

Fún ẹni tí ó lè yan àkókò, ọ̀sán Sátidé ni mo fẹ́ràn fún un, nítorí pé fífọ irun wa ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì tó, kò sì yẹ kí iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ bọ́ sí wákàtí tí ara ti rẹ̀ wá. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí ó tó fọ̀ ọ́, kí ó fi àdín àgbọn ra irun láti alẹ́ àná tàbí láti òwúrọ̀, nítorí pé àwọn olùwádìí ará Íńdíà méjì, Rele àti Mohile, fi hàn ní 2003 pé àdín àgbọn ń wọ inú irun, ó sì ń dín ohun tí omi ń wọ́ jáde nínú rẹ̀ kù, nígbà tí òróró òdòdó oòrùn àti òróró inú ilẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ dúdú ni ó lò, kí ó ṣàn án kúrò dáadáa, nítorí pé ọṣẹ náà le ju ohun tí ara irun fẹ́ lọ, ó sì ń mú ìpẹ́ rẹ̀ gbé ẹnu sókè ju omi lásán lọ. Kí ó fi aṣọ òwú rírọ̀ tẹ omi kúrò, kí ó má fi í gbo orí. Kí ó pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí ó dì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí atẹ́gùn lè dé awọ orí, kí ó sì fi òrí díẹ̀ pa ṣóńṣó rẹ̀, kì í ṣe awọ orí. Bí alẹ́ bá ká a mọ́, kí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ gbẹ ìdí irun ní tirẹ̀, ṣóńṣó lè rin díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá dé fìlà sátíìnì, tí kì í kọ́ irun bí ti òwú.

Ohun kan tí mo bẹ àwọn onídìrí ni pé kí wọ́n má di irun rírin ní dídì líle, ì báà jẹ́ ṣùkú, ì báà jẹ́ kòlẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì ní kí oníirun lọ sùn lé e. Irun tí a fà gùn ní tútù a súnkì bí ó bá ń gbẹ, gbogbo fífà náà a sì bọ́ sí ìdí, ní ẹ̀bá etí àti ní iwájú orí, níbi tí irun ti fẹ́lẹ́ jù. Nonhlanhla Khumalo, oníṣègùn awọ ara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town ti rí i pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́ta tí wọ́n yẹ̀ wò ni irun etí orí rẹ̀ ti ń lọ nítorí fífà. Ìyẹn ni orí pípá tí ó yẹ kí àwọn ìyá wa máa fi dẹ́rù bà wá, nítorí pé bí fífà bá pẹ́, gbòǹgbò a kú, irun kì í sì í hù níbẹ̀ mọ́.

Ti àwọn ọmọdé kò ní gùn. Àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Gánà sábà máa ń gé irun wọn mọ́lẹ̀, irú orí bẹ́ẹ̀ a sì gbẹ kí a tó jẹ oúnjẹ alẹ́ tán. Bí làpálàpá bá yọ lórí ọmọ, tí irun já ní rìbìtì tí ojú ibẹ̀ sì ń ṣe èépá, kí a má di ẹ̀bi rẹ̀ ru omi tí ó gbé sùn. Abẹ, òòyà, fìlà àti orí ọmọ mìíràn ni ó sábà ń gbé e wá. Ìpara nìkan kì í wò ó, nítorí pé àrùn náà ti wọ inú irun lọ dé ìdí. Oògùn tí a ń gbé mì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, irú bíi griseofulvin, ni dókítà ń fún ni, ilé ìwòsàn Korle Bu tí ó ti wà láti 1923 sì ní àwọn oníṣègùn awọ ara tí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìyá ọmọ mú àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání lọ, nítorí pé ẹni tí kò tíì yún lè ti gbé e sórí.